Àbúrò Tó Ń Ṣubú fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọdún mẹ́ta ni Akínjídé, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbé ní Kado, fi kọ́ aikido, ìjà àwọn ará Japan, lórí ayélujára. Tó bá fẹ́ gba bẹ́líìtì tuntun, àmì ipò nínú ìjà náà, á ní kí Diméjì àbúrò rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ òun mú. Á yí ọwọ́, Diméjì á ṣubú, wọn á fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́. Bó ṣe gba aláwọ̀ ewé nìyẹn, tó sì gba búráùn. Ọmọlúàbí ni Diméjì, kò kọ̀ láti ṣubú rí.

Lọ́jọ́ kan ní gáréèjì Utako, olè kan di ọwọ́ ọ̀tún Akínjídé mú, ó ní kó mú fóònù wá. Akínjídé rọra yí ọwọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Olè yẹn kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Ó ṣẹ́ apá náà níbi méjì, ó sì gba fóònù lọ.

Dókítà ní apá náà kò ní í nà mọ́. Diméjì jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ ò gbé mi ṣubú rí. Èmi ni mò ń ṣubú fún yín."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Inú yín máa ń dùn, sà."

Akínjídé kọjú sí ògiri.

"Má jẹ̀ẹ́ kí olùkọ́ gbọ́."