Orúkọ Èmi Nìkan Ló Wà Lórí Ìwé Ínṣọ́ránsì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Lónìí, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tójú mi rí nítorí ìwé ínṣọ́ránsì kan tí kò ju ojú ewé kan lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé olùkọ́ ni mí ní Bódìjà. Ọkọ mi, Bọ̀dé, ríṣẹ́ sí ìlú òyìnbó lọ́dún tó kọjá, ó sì lọ. Àdéhùn wa ni pé tó bá ti fìdí kalẹ̀, èmi àti ọmọ wa kan ṣoṣo á lọ bá a. Títí lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ẹ̀jẹ̀ SS ló sì ní. Ẹni tó bá ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ara á yá gágá lónìí, tó bá dọ̀la, ìrora á wọ inú eegun rẹ̀, ẹ ó sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìlú tí ọkọ mi wà kì í fún èèyàn ní físà láìsí ínṣọ́ránsì ìlera. Wọ́n fẹ́ rí i nínú ìwé pé tó o bá ṣàìsàn lọ́dọ̀ wọn, ẹnì kan wà tó máa san owó ìtọ́jú rẹ. Mi ò bá wọn jiyàn. Ta ló fẹ́ gba àlejò tó máa di ẹrù sí i lọ́rùn? Ọkọ mi ní òun á ṣe ti ínṣọ́ránsì lọ́hùn-ún, kí èmi máa kó àwọn ìwé yòókù jọ. Mo kó wọn jọ: ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí, páṣípọ́ọ̀tù àwa méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Títí ya fọ́tò tirẹ̀, torí ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, wọn ò sì fẹ́ ẹ̀rín nínú fọ́tò físà.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká lọ sí ẹ́ńbásì ní Èkó, ọkọ mi fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Èmi àti Títí jọ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Agbowó. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù yọ ìwé náà lẹ́nu ẹ̀rọ, Títí ló sì kọ́kọ́ gbà á. Ọmọ tó fẹ́ràn ìwé kíkà ni. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, tèmi ńkọ́?"

Mo ní tiẹ̀ á wà ní ojú ewé kejì. Obìnrin náà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ojú ewé kan péré lòun rí. Mo wá gba ìwé náà, mo kà á fúnra mi. Orúkọ èmi nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo jáde síta, mo pe ọkọ mi. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì béèrè bóyá ẹnì kan nínú wa ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, òun sọ òótọ́, wọ́n sì ní àwọn ò lè gba ọmọ náà. Ó ní kí èmi máa bọ̀ ná, kí Títí máa gbé lọ́dọ̀ màmá òun ní Ẹlẹ́yẹlé, tó bá yá, a ó mọ ohun tá a máa ṣe. Mo bi í pé ìgbà wo ni "tó bá yá" yẹn. Ó ní kí n má fi ìbéèrè pa òun, òun wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ jẹun, mo kọ ímeèlì sí iléeṣẹ́ náà. Àdírẹ́sì wọn wà nísàlẹ̀ ìwé. Mo ṣàlàyé fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ ọmọ mi yẹ̀ wò. Mi ò retí èsì kankan.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú yín. Mo gbà láti lọ. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá débẹ̀, màá lágbára láti fa ọmọ mi wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní ká tiẹ̀ kọ́kọ́ dán an wò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gbé Títí lọ sí Ẹlẹ́yẹlé pé kó lo òpin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀.

Mo fi oògùn rẹ̀ han ìyá ọkọ mi níkọ̀ọ̀kan. Mo bu omi sínú ike ńlá kan, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó máa mu ún dáadáa, kí òtútù má mú un, kí wọ́n sì pè mí tó bá ti lóun ń jẹ̀rora. Wọ́n ní, "Ìyá Títí, ọmọ márùn-ún ni mo tọ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?" Mo bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀, mo sì lọ. Títí dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò juwọ́ sí mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Màmá jókòó síwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní Títí ń sùn. Mo wọlé. Orí ẹní ló wà, ó kọjú sí ògiri, ó ká eékún mọ́ àyà. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti là. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin adìyẹ. Omi tí mo bù lọ́jọ́ Jímọ̀ kò tíì dín ju díẹ̀ lọ.

Kò sunkún. Ó kàn rọra sọ pé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọn ò pè mí. Wọn ò gbójú kúrò lára ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Kí n pè ọ́, kó o wá gbé e padà? Kó tètè kọ́ bó ṣe máa fara dà á láìsí ìyá. O kúkú ti ń lọ."

Mo gbé ọmọ mi pọ̀n, mo ń jáde lọ, wọ́n tún sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé mi. "Ọmọdé ṣì lẹ̀yin méjèèjì. Èèyàn kì í tìtorí ewé kan tó ti ń rọ gé igi lulẹ̀."

Ẹ̀yìn mi ni Títí wà nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ. Mo mọ̀, torí ó di aṣọ mi mú.

Ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò ni mo gbé e lọ. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un lẹ́jẹ̀. Ọjọ́ kejì tá a débẹ̀ ni èsì ímeèlì mi wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á kó tó yé mi. Wọ́n ní irú ínṣọ́ránsì tí ọkọ mi ní níbi iṣẹ́ rẹ̀ kan ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Wọn kì í béèrè àìsàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn ò sì lé ọmọ kankan. Ní ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè iye ọmọ tó bí, òdo ni ọkọ mi kọ.

Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pè é. Mo ní, "Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ọdún mẹ́jọ lòun fi sùn lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Ó ní òun ta mọ́tò nítorí rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun nítorí rẹ̀, òun ò sì lè gbé gbogbo ẹ̀ wá síbi tí ara ti ń tu òun. Ó ní, "A ṣì máa bí òmíràn. Níbí, wọ́n ń yẹ oyún wò kó tó dàgbà. Èyí tí ara rẹ̀ bá le la máa bí."

Ẹ gbọ́, irọ́ kọ́ ni pé ó sùn lórí bẹ́ǹṣì. Mo rí i. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra, "ẹ" ni mo fi ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Bọ̀dé, o ò ṣèèyàn." Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́ kí ọjọ́ ẹ́ńbásì kọjá, kí n mọ̀ pé àyè tó wà lórí ínṣọ́ránsì yẹn ò ní ṣófo pẹ́.

Mo padà sídìí bẹ́ẹ̀dì. Títí ti jí. Mo sọ fún un pé a ò lọ mọ́, èmi àti òun la jọ máa wà níbí. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ńṣe ló bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun ní gbogbo ọjọ́ tó fi jẹ̀rora. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká lọ. Mi ò ní ṣàìsàn mọ́."

Kí lẹ̀ bá sọ?

Ọjọ́ ẹ́ńbásì kọjá. Ọkọ mi ò pè mọ́. Lóṣù tó kọjá ni Màmá fi fóònù pè mí pé ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọbìnrin kan láti Apẹ́tẹ̀, ó sì ti rí físà gbà. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ní kí n bá wọn yọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra ìrìn àjò, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín béèrè ohun tẹ́ ẹ lè fẹnu ara yín béèrè. Bí wọ́n bá ní ínṣọ́ránsì ò gba ọmọ yín, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà fúnra yín. Ẹ ka fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi orúkọ yín kún. Bí ẹnì kan nínú yín bá ti mú ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS rìnrìn àjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é sísàlẹ̀ yìí, kí èmi àti àwọn míì kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá rere ni mí. Ọkọ mi kọ òdo sórí ìwé. Èmi ni mo gbé ọmọ mi lọ fi sílẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, mo sì bá ti ara mi lọ.