Ta Ni Yóò Pa Ẹ̀rọ fún Bàbá Ẹ́ńjìnnì?

Bàbá Ẹ́ńjìnnì kú ní ọjọ́ Ajé, lórí àga onígi tó wà níwájú ilé rẹ̀, bàtà iṣẹ́ ní ẹsẹ̀. Ìyá tó ń ta omi ló kọ́kọ́ rí i. Ó kí i títí, kò dáhùn. Nínú ilé iṣẹ́ aṣọ níbi tó ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán, ẹ̀rọ kankan kò dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láti ayé àwọn bàbá wa, bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá kú, wọn a pa gbogbo ẹ̀rọ fúngbà díẹ̀, kálukú a dúró jẹ́ẹ́. Bàbá Ẹ́ńjìnnì, ọ̀rẹ́ mi yìí gan-an, ló máa ń pa á. Á ṣí fìlà, á fọwọ́ kan irin náà bí ẹni ń tu ọmọ nínú.

Nígbà náà, ẹni tó bá hewú, ìdí tábìlì ni wọ́n ń gbé e lọ, kó máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá ní àwọn ò gba onírun funfun síṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àga kúrò nídìí ẹ̀rọ, kí ìrora ẹsẹ̀ lè lé àgbà jáde láìjẹ́ pé ẹnu lé e. Ọgbọ́n ńlá, àbí?

Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pa irun láró. Lọ́jọ́ kan ooru mú, aró ṣàn sí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá tuntun rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi nílé. Ẹ ti ṣe tiyín."

Ó ti wá sinmi báyìí. Ṣé ó tẹ́ ẹ̀yin ọ̀gá lọ́rùn?

Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kó máa lọ sílé, àràárọ̀ ló ń wọ bàtà iṣẹ́, á jókòó síta, á máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ láti òkèèrè. Ìyàwó ti kú, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn odi. Bí mo bá yà kí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

"Àbúrò, bí mo bá kú, ṣé wọ́n á pa á?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní pa á?"

Nígbà tó kú, mo lọ sẹ́nu géètì wọn, mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Wọ́n rán ẹ̀ṣọ́ sí mi pé Bàbá kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn mọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà ò lè wojú mi. Ewú ti ń yọ lábẹ́ fìlà tirẹ̀ náà. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ṣebí ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí. Àga kan wà níwájú ilé tèmi náà.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ta nínú yín ló ní kí wọ́n kó àga? Ta ló ní kí ẹ̀rọ máa ké lọ? Kó jáde, kó dárúkọ ara rẹ̀ ní gbangba. Lọ́jọ́bọ̀, àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò gbé òkú kọjá lẹ́nu géètì yín, a ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi dákẹ́. Arúgbó ni wá. A ò níṣẹ́ tí à ń kánjú lọ ṣe. Ẹ̀yin lẹ rí sí i.