Oyún tí Saltanat gbé kọjá òkè yìnyín

Ní àdúgbò wa ní Naryn, ìlú kan láàárín òkè, kò sẹ́ni tí kò mọ búrẹ́dì Saltanat. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ló ti ń yan án nínú ààrò amọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Á na ọwọ́ wọ inú ooru, á lẹ búrẹ́dì mọ́ ara ògiri ààrò. Gbogbo irun apá rẹ̀ ló ti jóná tán. Èmi ni mo múlé tì wọ́n. Obìnrin tí kì í pariwo ni. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu. Taalay, ọkọ rẹ̀, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Burulcha, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ń bá gbogbo wọn pariwo.

Ó pẹ́ gan-an kí oyún tó dúró. Nígbà tó wá dúró, Burulcha ò jẹ́ kó sún mọ́ ààrò mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan búrẹ́dì. Èyí tí kò bá jóná, inú rẹ̀ á ṣì tutù. À ń rà á, à ń jẹ ẹ́. Ta ló fẹ́ bá a jà?

Lóṣù karùn-ún, Saltanat lọ sí ọsibítù kí wọ́n wo ọmọ. Dókítà obìnrin tó ń wò ó ń bá a ṣàwàdà, ó ń fi ẹsẹ̀ ọmọ hàn án nínú ẹ̀rọ, àfi bó ṣe pa àwàdà tì lójijì. Ó tẹjú mọ́ ibì kan náà títí. Wọ́n ní kó lọ sí Bishkek, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa. Dókítà ibẹ̀ ló wá là á yé e: ihò wà nínú ọkàn ọmọ náà, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró sì há. Ó ní àwọn kan máa ń ṣẹ́ irú oyún bẹ́ẹ̀, àwọn míì á bí i, wọ́n á sì ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ. Ó ní òun ò lè ṣèlérí kankan.

“Màá bí i,” ni Saltanat wí.

Nígbà tó padà dé, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà sí. Ó jókòó, kò fẹnu kan tíì.

“Ẹ̀gbọ́n, mo tẹ́ ẹní ìkírun sílẹ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Gbogbo ọdún tí mo fi tọrọ ọmọ yìí, ṣé báyìí ló yẹ kí Ó fún mi?”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ jókòó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, kò pa ìrun jẹ, ṣùgbọ́n tó bá kí i tán, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń sọ: “Olóhun, O rí mi.”

Burulcha ní tiẹ̀ gbógun dìde. Ó so tírà mọ́ aṣọ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó mú un lọ sí ìsun omi tí wọ́n ń lọ gbàdúrà sí. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń din borsok, àkàrà ìyẹ̀fun kéékèèké, nínú òróró, tó ń pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò ní sàráà. Saltanat ò kọ ìkankan. Àmọ́ nígbà tó ní Bishkek lòun á bímọ sí, lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, ìjà dé.

“Ṣé iwájú ọ̀bẹ lo fẹ́ bí i sí ni?” Burulcha figbe ta. “A ń bẹ Olóhun, a tún ń wá ọlọ́bẹ kiri! Ṣé Olóhun ò ní sọ pé kí ọlọ́bẹ máa bá a lọ?”

“Ìyá, èmi ń bẹ Olóhun kí ọwọ́ ọlọ́bẹ má gbọ̀n. Ṣé ìyẹn kì í ṣe àdúrà ni?”

“Taalay, ṣé o gbọ́? Ìyàwó ẹ ti ń dá mi lóhùn!”

Taalay ń wo ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe àáfáà.

Àáfáà Jumabek ti dàgbà gan-an. Ó mu tíì, ó gbọ́ ẹjọ́ Burulcha tán, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀.

“Àáfáà! Kí lẹ̀ ń ṣe? Opó mà ni mí!”

“Fara balẹ̀, Burulcha. Mú ọwọ́ wá.” Ó gbé ọwọ́ ìyá náà lé àyà rẹ̀ lápá òsì. Nǹkan kan le gbagidi lábẹ́ awọ. “Ẹ̀rọ ni. Bishkek ni wọ́n ti fi í sí mi lára. Òun ló ń ta ọkàn mi jí. Àdúrà tí mo ṣe níbi ìgbéyàwó Taalay, tòun ti ẹ̀rọ yìí ni. Ṣé kò gbà ni?”

Burulcha ò tètè gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

“Ṣé ó máa ń dùn yín?”

“Tí òtútù bá mú nìkan.”

Ìyá náà dìde, ó lọ ń di ẹrù Saltanat.

Yìnyín ti bo òkè Dolon lọ́jọ́ tí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá. Taalay ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, Burulcha ń ké àlùkùránì lẹ́yìn, ó sì ń bú àwọn awakọ̀ tó ń sáré láàárín ẹsẹ kan sí èkejì. Obìnrin ni ọmọ tí Saltanat bí ní Bishkek. Igbe rẹ̀ kò lágbára, ètè rẹ̀ rí bí aró. Wọ́n gbé e lọ kí ìyá rẹ̀ tó wò ó dáadáa. Burulcha ló sọ ọ́ ní Tursunay, torí bí ẹni ń bẹ òṣùpá pé kó dúró ni orúkọ náà, bíi Dúrójayé.

Wọ́n ní kí ọmọ náà sanra díẹ̀ ná kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí wọ́n wá gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Saltanat jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sọ fún mi pé ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tó wá jáde lẹ́nu òun: “Olóhun, mo mọ̀ pé Ìwọ lo ni ín. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún Ọ pé mo ti yọ̀ǹda rẹ̀. Jọ̀ọ́, mo fẹ́ ẹ.”

Dókítà jáde, aṣọ rẹ̀ rin fún òógùn. “Ó wà láàyè. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó.”

Wọ́n ṣì ń wò ó títí di òní. Àpá gígùn wà láyà rẹ̀, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe tó bá dàgbà sí i. Burulcha ti fi orúkọ dókítà náà kún àdúrà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè pè é dáadáa.

Mo bi Saltanat láìpẹ́ yìí bóyá ẹ̀rù ṣì ń bà á.

“Lójoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n,” ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà Tursunay, torí ọmọ náà ti ń fà á láṣọ pé òun fẹ́ jáde lọ ṣeré nínú yìnyín.