Ìdodo Ọkọ Mi

Tí ọkọ mi bá ń bọ̀, ìdodo rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí àwọn ọmọ wa wà ní kékeré, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bí aago ẹnu ọ̀nà, òun náà á sì dún, "Gbíngo!" Iṣẹ́ àga ló ń ṣe. Òun ló ń fi aṣọ bo tìmùtìmù, tó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn fa bọ́tìnnì mọ́ àárín rẹ̀ títí ibẹ̀ yóò fi jìn wọnú. Ìdodo ló ń pe ojú bọ́tìnnì náà. Á ní, "Àga tí kò ní ìdodo kò ní ìyá." Ẹ̀rín la máa ń fi í rín.

Àfi lọ́jọ́ kan tí ìdodo rẹ̀ le gbagidi, tó ń bì, tí òógùn bò ó. Dókítà ní ìfun ti há síbẹ̀, àfi iṣẹ́ abẹ kíákíá, àwọn yóò sì gé ìdodo náà kúrò.

Ọkọ mi ní, "Ẹ tún un ṣe, ẹ má gé e."

"Bàbá, awọ ibẹ̀ ti ń kú. Bí a bá fi í sílẹ̀, ẹ̀mí yín ló máa lọ sí i."

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé mi."

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé torí ìdodo lo ṣe fẹ́ sọ mí di opó? Àbí ìdodo ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ lọ́run?"

Ó kọjú sí ògiri. "Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni ìyá mi kú. Mi ò mọ ojú wọn, wọn ò sì ya fọ́tò rí. Ibí yìí nìkan lèmi àti wọn ti jọ so pọ̀."

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń fi ìdodo yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, kò sọ ọ́ fún mi rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun.

Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àwọn ni wọ́n tọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ọmọdé làwọn náà nígbà yẹn. Wọ́n dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Wọ́n ní o ò gbà."

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi ló wà níbẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ? Mo wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá wa gbé ẹ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, 'Má jẹ́ kó kú o.' Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn. Wọn ò ní kí n bá àwọn tọ́jú ìdodo." Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń jẹ́ iṣẹ́ yìí. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ dòfo mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọkọ mi sunkún bí ọmọ kékeré, ó ní ká pe dókítà.

Wọ́n gé e. Ikùn rẹ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tó lajú, mo rò pé ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fojú wá. Látìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, "Ẹ̀gbọ́n" náà ló ń pè wọ́n, nítorí kò fẹ́ gba orúkọ ìyá lọ́wọ́ ẹni tó kú.

"Màmá," ó ní, "ṣé ẹ ti jẹun?"