Bí Èmi àti Ìyá Lánre Ṣe Lọ Kọ́ Ẹja Ńlá Pípa ní Kentucky

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni èmi àti ìyá Lánre gbéra ní Homewood. Lánre ni ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Òun kò bá wa lọ. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Romeoville, níbi tó ti ń to páálí lórí páálí mọ́jú. Mọ́mì, bí mo ṣe ń pe ìyá rẹ̀, ní bó tilẹ̀ wà nílé, àwọn kò ní mú un dání, nítorí pé ó máa ń sọ̀rọ̀ jù, ẹja a sì máa sá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé kò mọ Mọ́mì. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n ga, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín láìnídìí. Owó tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń ra léèsì, ọ̀pá ìwọ̀ ni wọ́n fi ń rà. Mẹ́jọ ni mo kà nínú gáréèjì wọn. Ẹja kan ṣoṣo ló sì gbà wọ́n lọ́kàn, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní sitáípà: ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ìlà dúdú gbọọrọ sì wà lára rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù. Ọdún mẹ́ta ni Mọ́mì ti fi ń pa àwọn kéékèèké. Lọ́dún yìí, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ńlá. Wọ́n wá háyà òyìnbó kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn kiri lórí adágún kan ní Kentucky, irínwó dọ́là fún ìdajì ọjọ́.

Èmi ò bá ẹja ṣọ̀rẹ́ àfi tó bá ti wà nínú ọbẹ̀. Ìdí tí mo fi tẹ̀ lé wọn ni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè kejì, ilé iṣẹ́ kan ní Boston, tó jìnnà réré sí Homewood, sì ti fún mi níṣẹ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí èsì mi. Lánre ti gbà láti bá mi lọ. Òun nìkan sì ni ọmọ tí Mọ́mì bí. Mo ní kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀, ó ní èmi ni mo ríṣẹ́, èmi ni kí n sọ ọ́. Ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe ẹ̀rù kan ṣoṣo. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, ìbínú sí Lánre wà níbẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀ pé mò ń bínú sí Lánre, inú mi sì tún dùn díẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà, èyí tó jẹ́ kí ojú tún tì mí sí i. Wákàtí méje ni ọ̀nà náà. Mo rò pé láàárín wákàtí méje, ọ̀rọ̀ á jáde.

Indiana, ìpínlẹ̀ tí a máa là kọjá ká tó dé Kentucky, tẹ́jú bí ẹní. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, àwọn fáànù ńlá funfun tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n pọ̀ ju igi lọ, lẹ́yìn wọn àgbàdo, lẹ́yìn àgbàdo, àgbàdo. Ẹ má retí pé ẹnì kan á gbé èyí tí wọ́n sè wá sójú fèrèsé ọkọ̀ yín bíi tilé. Tí ebi bá ń pa yín, ẹ máa yà kúrò lójú ọ̀nà ni, kí ẹ lọ san dọ́là mẹ́sàn-án lórí búrẹ́dì tí kò níyọ̀. A dúpẹ́ pé Mọ́mì ti din ẹyin dání.

"Mọ́mì, mo ní ọ̀rọ̀ kan," ni mo wí.

"Ṣé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́?"

"Rárá, mà."

"Tí kì í bá ṣe ìtọ̀, a ò dúró kí a tó dé Indianapolis."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbìyànjú bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, wọ́n dúró lóòótọ́, mo sì ní láti wọ ilé ìtọ̀ lọ láìnídìí.

A dé Kentucky lọ́sàn-án. Aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa, nítorí náà ọjọ́ ti dín kù kí n tó sọ nǹkan kan. A ra ìwé àṣẹ ẹja pípa ọlọ́jọ́ kan, dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, a sì sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ìgbà tí aládùúgbò wa ń fọ eyín.

Aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Russ, ọlọ́kọ̀ ojú omi náà, ti ń dúró dè wá. Ó wo ìjẹ tí Mọ́mì gbé wá láti Homewood, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí kò gùn ju ìka lọ, ó sì mi orí.

"Màmá, èyí tí ẹ ń fún wọn jẹ ló fà á tó fi jẹ́ kéékèèké lẹ ń pa," ló wí. "Ẹja ńlá kò ní tìtorí ìpanu kúrò ní ibùsùn rẹ̀."

Ó ṣí ike ńlá kan. Ẹja ààyè ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ kìíní. Èkejì ni pé ìwọ̀ tirẹ̀ ká bí òrùka. Tí ẹja bá gbé e, ẹ kò gbọ́dọ̀ já ọ̀pá sókè bí a ṣe máa ń ṣe. Ẹ dúró kí orí ọ̀pá tẹ̀ wọnú omi, kí ẹ wá máa ká okùn, ìwọ̀ á fúnra rẹ̀ kọ́ ọ lẹ́nu. Ẹ̀kẹta ló dun Mọ́mì jù. Nígbà tí a rí ibi tí àwọn kéékèèké ti ń jẹ ìjẹ léraléra, Russ ní ká kúrò níbẹ̀.

"Ká kúrò níbi tí ẹja wà?" ni Mọ́mì bi í.

"Ẹ̀yin lẹ ní ńlá lẹ fẹ́."

A kúrò. Fún wákàtí kan gbáko, ẹja kankan kò jẹ ìjẹ wa. Mo fi gbogbo wákàtí náà to ọ̀rọ̀ mi pọ̀. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, ọ̀pá Mọ́mì tẹ̀ wọnú omi.

Ẹ̀yin èèyàn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Okùn ń sá lọ, ó ń han. Mọ́mì fẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀, wọ́n ń ká a, wọ́n ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Ẹja náà yọ lẹ́ẹ̀kan, Russ pàápàá sì búra. Ṣùgbọ́n èjìká ọ̀tún Mọ́mì ti ń dùn wọ́n tipẹ́ nítorí gbígbé aláìsàn, àárín ìjà náà ló sì kọ̀ wọ́n.

"Bùkọ́lá, gbà á," ni wọ́n wí, wọ́n na ọ̀pá sí mi.

Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú ike ìjẹ. Tòsì ló ṣófo. Ẹ̀yin náà mọ ilé tí a ti tọ́ mi. Mo fa ọwọ́ ọ̀tún yọ, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò mi, níwájú àti lẹ́yìn, mo kúnlẹ̀, mo sì na ọwọ́ méjèèjì. Okùn ti dẹ̀. Ẹja ti lọ.

"Kí lo ń nù?" ni Mọ́mì bi mí jẹ́jẹ́.

"Ọwọ́ mi, mà. Ó ti kan omi ẹja."

"Tòsì ńkọ́?"

"Mọ́mì, mi ò lè fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ yín."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo omi. Russ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Mọ́mì sì ṣàlàyé fún un. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún dé e. "Lórí ọkọ̀ mi," ló wí, "tó bá jẹ́ eyín ló ṣófo, ẹ fi eyín gbà á."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́, kí n kúkú bà á jẹ́ pọ̀. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí mo sọ pé, "Mọ́mì, mo ríṣẹ́ ní Boston. Lánre ń bá mi lọ."

Mọ́mì yíjú sí ike ìjẹ. Wọ́n mú ẹja ìjẹ mìíràn, wọ́n fi ìwọ̀ gún un nímú, wọ́n sọ ọ́ sómi.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Lọ ṣọ́ ọ̀pá tìrẹ."

Kò pẹ́ tí ọ̀pá tèmi náà fi tẹ̀. Omijé wà lójú mi, mi ò ríran dáadáa. Mọ́mì dúró lẹ́yìn mi, ohùn wọn bí ìgbà tí wọ́n wà ní wọ́ọ̀dù. "Má já a. Tó bá sáré, dúró. Tó bá sinmi, ká okùn. Mo ní kí o dúró, ta ló ń lé ọ?" Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, Russ fi àwọ̀n gbé ẹja kan tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ wọlé. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo èyí tí Mọ́mì ti rí tí wọ́n gbé wọ ọkọ̀. Wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú, wọ́n ní, "Ó sanra." Ìyẹn nìkan.

Èmi ni mo wa mọ́tò bọ̀. Láti Kentucky títí a fi kọjá Indianapolis, Mọ́mì wọ awò ojú wọn, wọ́n ń tẹ fóònù. Nígbà tí mo ń rọ epo, wọ́n yí fèrèsé sílẹ̀.

"Boston yẹn, ẹ̀bá òkun ló wà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Inú òkun ni sitáípà ti wá. Àwọn ti adágún yìí, èèyàn ló kó wọn síbẹ̀. Ti òkun ló ń tóbi." Wọ́n fi fọ́tò kan hàn mí: ọkùnrin kan gbé ẹja mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ.

"Ṣé ẹ ń bínú, mà?"

"Mò ń bínú. Ọmọ tí mo bí ló yẹ kó wá sọ fún mi, ó wá rán ìwọ tí o kò lè gba ọ̀pá. Èmi àti ẹ̀ máa sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí." Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún. "Yàrá mélòó lẹ fẹ́ gbà?"

"Ọ̀kan, mà. Ilé wọ́n níbẹ̀."

"Ẹ gba méjì. Oṣù Kẹfà ni mò ń bọ̀. Ẹja yẹn kì í kúrò títí di Oṣù Kẹwàá, mo ti wò ó."

A dé Homewood kí ilẹ̀ tó ṣú. Lánre ṣílẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ kọjá lára rẹ̀. "Lọ gbé ẹja ìyàwó rẹ wọlé," ni wọ́n wí, "kí o wá jókòó."

Wọn kò pè mí ní ìyàwó rí. Ohun tí mo kọ́ lórí ọ̀nà yìí ni pé ìjẹ ńlá ló ń mú ẹja ńlá, àti pé ọ̀rọ̀ tó ń bani lẹ́rù máa ń pẹ́ lẹ́nu ju bó ṣe ń pẹ́ létí lọ. Màá gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n láti Oṣù Kẹfà dé Oṣù Kẹwàá, oṣù márùn-ún ni, mo sì fẹ́ràn Mọ́mì, mi ò wulẹ̀ mọ̀ bóyá màá ṣì fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀ tó bá fi máa di Oṣù Kẹjọ. Ẹ̀yin tí ìyá ọkọ yín ti bá gbé rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ọjọ́ Ajé tó pé: ṣé kí n gba yàrá kan ni, àbí méjì?