Orúkọ Tí Awóyẹmí Sọ Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé-ìkàwé yunifásítì náà, ojú Awóyẹmí ni ẹ̀rọ. Ó ti ṣe pótà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kò ní bi í léèrè káàdì mọ́. Tí àjèjì bá sì ń yọ́ bọ̀, á ti mọ̀ ọ́n láti ìdí máńgòrò tó wà níwájú ilé. "Mo mọ̀ yín bí ẹni mowó," ló máa ń sọ fún wọn, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn aláṣẹ fi ilẹ̀kùn gíláàsì síbẹ̀, tí wọ́n kan ẹ̀rọ dúdú kékeré kan mọ́ ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fi káàdì rẹ̀ kàn án. Iná á tàn ní àwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Tí káàdì kò bá ṣiṣẹ́, pótà tó mọ ẹni náà á pe ọ́fíìsì káàdì lórí fóònù, á dárúkọ onítọ̀hún ní kíkún, wọn á wò ó nínú kọ̀ǹpútà, wọn á sì ṣílẹ̀kùn láti ọ̀hún. Òfin yìí dùn mọ́ Awóyẹmí nínú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi rọ́pò ojú rẹ̀ ṣì ń padà wá bi í léèrè.

Obìnrin kan wà tó ń tún ilé-ìkàwé náà ṣe. Ìyá Fọláyọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Láti Mọdákẹ́kẹ́ ló ti ń wá láràárọ̀. Á gun ọ̀kadà dé géètì, á sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti Awóyẹmí ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ní agogo mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń mu ògì, tí wọ́n ń fi àkàrà tì í. Nígbà tí ìyá Awóyẹmí kú, ó wá sílé wọn ní Ìlódè, ó ká apá aṣọ sókè, ó sì fọ abọ́ títí oòrùn fi wọ̀. Bàbá Ìtùnú ló ń pe Awóyẹmí, nítorí Ìtùnúolúwa, àkọ́bí rẹ̀. Bí àwọn olọ́mọ ṣe ń pera wọn nílẹ̀ wa nìyẹn. Ẹni tó bá pe ìyá ọlọ́mọ lórúkọ gan-an, ìjà ló ń wá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lákòókò ìdánwò, ìlà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gùn dé ìdí máńgòrò. Ìyá Fọláyọ̀ dé tòun ti korobá àti ìgbálẹ̀, ó fi káàdì kan ẹ̀rọ. Iná pupa. Ó tún fi kàn án. Pupa. Inú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni káàdì náà ń gbé, wọ́n sì ti jọ wọ omi ọṣẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwòrán, orúkọ, nọ́ńbà, gbogbo rẹ̀ ló ti pa rẹ́. Ike funfun lásán ló kù.

"Bàbá Ìtùnú, ẹ̀rọ yín ò mọ̀ mí mọ́ o," ló wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ̀rọ àná! Èmi tí mo mọ̀ yín kọ́ ló dúró síbí?" Awóyẹmí yọ fóònù, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo ìlà lè gbọ́. "Ọdún mọ́kànlá! Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi yín hàn mí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò ò ní dúró dè wá o," Fikáyọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ké láti ẹ̀yìn.

"Fara balẹ̀, ìwọ Fikáyọ̀. Àgbà ń sọ̀rọ̀."

Abdulwaheed ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì káàdì. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ta ni káàdì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́?"

"Obìnrin tó ń tún ilé-ìkàwé ṣe ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Orúkọ wọn, sà?"

"Ìyá Fọláyọ̀."

"Orúkọ tó wà lórí káàdì ni mò ń bèèrè, sà."

Awóyẹmí wá orúkọ náà. Ó tú inú ọdún mọ́kànlá wò, bẹ́ńṣì, àkàrà, ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ìyá Fọláyọ̀ ló bá níbi gbogbo. Ó bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni rere. *Kí lorúkọ yín?* Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìlà ń wò ó, ohùn tó fi pariwo ọdún mọ́kànlá kò sì tíì tutù létí wọn.

Ó wo ìbòrí tí obìnrin náà so sábẹ́ àgbọ̀n bí àwọn obìnrin Mùsùlùmí. Ó ro Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ó kọjú sí ògiri, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Hàlímàt," ló wí.

Abdulwaheed wò ó nínú kọ̀ǹpútà. "Kò sí Hàlímàt kankan nílé-ìkàwé yín, sà. Ẹ ní kí wọ́n dúró."

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n ti jí kọ̀ǹpútà mẹ́ta kó nílé tó tẹ̀ lé tiwọn, wọ́n sì ní káàdì ẹlòmíràn lolè fi wọlé. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Abdulwaheed pè fi dé. Ẹ̀ṣọ́ méjì bọ́ sílẹ̀.

"Mà, ṣé ẹ̀yin ni Hàlímàt?"

"Rárá o. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Káàdì ta wá ni ẹ mú dání?"

Ó na ike funfun náà sí wọn. "Tèmi ni. Bàbá Ìtùnú, ẹ bá mi dá wọn lóhùn."

Awóyẹmí ń wo bàtà ara rẹ̀. "Á yé wọn tó bá yá," ló wí. Wọ́n gbé obìnrin náà sẹ́yìn ọkọ̀, tòun ti korobá. Ẹnìkan nínú ìlà pariwo olè.

"Bàbá!" Fikáyọ̀ ni. "Ṣebí bí ẹni mowó lẹ mọ̀ wá? Ayédèrú owó lẹ mọ̀ yẹn o!"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Awóyẹmí jókòó lórí bẹ́ńṣì. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kan káàdì mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n ń wọlé, ẹnikẹ́ni kò wojú rẹ̀. Nígbà tí kò lè jókòó mọ́, ó dìde, ó fi ẹnu ilẹ̀kùn sílẹ̀, èyí tí kò ṣe rí.

Ní ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́, Ìyá Fọláyọ̀ jókòó, korobá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, ń kọ̀wé. "Orúkọ méjì lobìnrin yìí ní," ló ń sọ fún akọ̀wé rẹ̀, "ọ̀kan fún pótà, ọ̀kan fún wa. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn." Ó gbójú sókè. "Ta ni bàbá yìí?"

Kí Awóyẹmí tó lanu, obìnrin náà ti dáhùn. "Ọlátúbọ̀sún Awóyẹmí ni. Pótà ilé-ìkàwé."

Kò wò ó. Awóyẹmí kò rántí ọjọ́ tó sọ orúkọ yẹn fún un.

Ó ṣí fìlà. "Sà, kò sọ orúkọ kankan fún mi. Èmi ni mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ojú tì mí láti bi í, mo bá sọ èyí tó wá sí mi lẹ́nu."

"Ọdún mélòó lẹ ti jọ ń ṣiṣẹ́?"

"Mọ́kànlá, sà."

Akọ̀wé fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ fa ìwé tó ń kọ ya, ó pe Abdulwaheed. "Wo Mojíre Àjíṣafẹ́, orúkọ tí obìnrin yìí sọ fún wa." Wọ́n rí i lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Awóyẹmí na ọwọ́ sí korobá. Obìnrin náà kò fún un.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ Hàlímàt?" ló bi í lójú ọ̀nà. "Ṣé ìbòrí ni, àbí Mọdákẹ́kẹ́?"

"Ẹ má bínú."

"Orúkọ náà ò burú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti sọ mí lórúkọ kí ẹ tó dé, Bàbá Ìtùnú."

Ní ọjọ́ kejì, káàdì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná tàn ní àwọ̀ ewé. Awóyẹmí dìde láti kí i. *Ìyá Fọláyọ̀* ni ì bá pè é, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀. Kò sì lè pe ìyá ọlọ́mọ ní Mojíre.

"Ẹ káàárọ̀," ló wí, kò fi orúkọ kankan kún un.

Obìnrin náà dúró díẹ̀, bí ẹni ń retí ìyókù. Lẹ́yìn náà ó gbé korobá rẹ̀ wọlé.