Síídì Fíìmù Sójà Tí Mo Fi Kànrìnkàn Fọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láàyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí fíìmù sójà kan. Ẹ mọ̀ pé n kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ kíkọ rọ̀ mí lọ́rùn ju sísọ lọ.

Dàpọ̀ lorúkọ ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan náà la ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú. Wẹ́dà tó ń jórin ni bàbá rẹ̀, ní Onígbòǹgbò. Bàbá ò kórìíra mi, àmọ́ ohun kan ń kọ wọ́n lóminú: yàtọ̀ sí "Ẹ kú iṣẹ́ sà" àti "Ó dàbọ̀ sà," wọn ò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi. Wọ́n sọ fún Dàpọ̀ pé àwọn ò lè kó mọ̀lẹ́bí lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa nítorí ọmọ tí àwọn ò mọ inú ẹ̀. Dàpọ̀ ní kí n gbìyànjú. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wo ìtìjú sàn nìyẹn?

Nígbà tí n kò lè sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ bá wọn gbálẹ̀, tí mò ń fọ abọ́. Ní Sátidé kan, mo ti fọ kọ́tìnì tán nígbà tí mo rí síídì kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ìdọ̀tí ìka ọwọ́ kún ara ẹ̀. Mo mú ọṣẹ, mo mú kànrìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò, mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo tún sá a sóòrùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Fóònù lèmi fi ń wo fíìmù. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé wọn kì í fọ síídì?

Nígbà tí Dàpọ̀ rí i lójú fèrèsé, ṣe ló káwọ́ lérí. Ó ní fíìmù sójà Bàbá nìyẹn, tí Bàbá àti Alàgbà, ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, máa ń wò ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi kí wọ́n tó bọ́ sùtánà. Dàpọ̀ ki í bọnú ẹ̀rọ. Ó ṣiṣẹ́ títí àwọn sójà fi dé etí odò, ló bá dúró. Ẹsẹ̀ sójà kan wà lókè, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Dàpọ̀ ní òun á sọ pé òun lòun bà á jẹ́. Mo ní rárá, mo máa ra òmíràn kílẹ̀ tó ṣú.

Mo mú síídì Bàbá dání lọ sí Computer Village. Wọ́n júwe obìnrin kan fún mi tó ní páálí síídì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ta ló tún ń ra síídì láyé yìí?" Àmọ́ ó ní sùúrù. Irú fíìmù náà mẹ́ta ló mú jáde, ó sì ń fi wọ́n hàn mí níkọ̀ọ̀kan.

Fíìmù méjìlá ló wà nínú ti àkọ́kọ́, kó lè gbà wọ́n, wọ́n ti gé òpin wọn. Afárá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bú gbàmù ni fíìmù olólùfẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nínú èkejì, ọkùnrin kan ń fi Yorùbá ṣàlàyé. Tí sójà bá ti ṣubú, á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá." Láàárín ogun, ó gbé fóònù, ó ní òun wà níbi iṣẹ́. Ẹ̀kẹta mọ́ lójú kedere, ó sì pé látòkèdélẹ̀.

Obìnrin náà wá ki ti Bàbá bọnú ẹ̀rọ, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní inú sinimá ni ẹnì kan ti jí i yà. Ó fi orí àwọn òǹwòran hàn mí nísàlẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà tiẹ̀ dìde, ó tẹ̀ kọjá níwájú àwòrán, ó jọ pé ó fẹ́ lọ tọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀kẹta tán níbẹ̀, mo sì rà á.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá àti Alàgbà jókòó pẹ̀lú sùtánà. A ti fi síídì tuntun sínú ẹ̀rọ, èmi wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Tẹlifíṣọ̀n yìí mọ́ lónìí," Bàbá wí.

"Ìyàwó wa ló nù ún," Alàgbà fèsì.

Ó ṣe díẹ̀, Bàbá gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́, Fìlà ń bọ̀."

Fìlà ò wá.

"Fìlà dà?"

"Bóyá ó pẹ́ ni," Alàgbà wí.

"Kó pẹ́ kẹ̀? Amí ni. Òun ló ń lọ tú àṣírí fún àwọn ọ̀tá. Tí kò bá kọjá, ta ló máa sọ fún wọn pé àwọn sójà ti dé etí odò?" Wọ́n dá fíìmù náà padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá wá kọjú sí ọmọ wọn. "Dàpọ̀, síídì mi dà?"

Dàpọ̀ la ẹnu. Mo rí irọ́ náà tó ń bọ̀. Tó bá pa á, Bàbá ò ní mọ inú mi láéláé nìyẹn. Mo bá kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́." Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dà nìyẹn. "Fìlà kì í ṣe amí sà. Ó wá wo fíìmù ni. Ó fẹ́ lọ tọ̀ ni."

Alàgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣépè fún un?"

"Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Olúwa," Alàgbà wí.

Bàbá wá bi mí pé, ta ló wá tú àṣírí? Mo ní, "Kúùkù àwọn sójà ló dáná sà. Èéfín làwọn ọ̀tá rí. Nínú tiyín, orí Fìlà ló bo èéfín náà."

Bàbá kọjú sí mi. "Ìyàwó wa, ibo lo ti ń tọ́jú ẹnu yìí láti ọjọ́ yìí?" Wọ́n fi àga ẹ̀gbẹ́ wọn hàn mí, wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ìyókù. Mo sọ̀rọ̀ títí afárá fi bú. Wọ́n wá ní kí Dàpọ̀ sọ fáwọn òbí mi pé àwọn ń bọ̀ wá kí wọn.

Bàbá ò jẹ́ kí n ju síídì àtijọ́ nù. Wọ́n ṣì máa ń kọ́kọ́ wò ó. Tí Fìlà bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Máa rọra lọ, jọ̀ọ́, má bínú sí mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi tuntun sí i.

Ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ gan-an ni Bàbá ń dúró de látẹnu mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti bà jẹ́ nílé àna yín níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣe dáadáa? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo máa kà á. Ẹ má ṣáà pè mí lórí fóònù, ojú ṣì ń tì mí.